Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń máàkì rípọ́ọ̀tù IT ní Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú wàhálà àwọn ọmọ. Èmi kì í ṣe olùkọ́, n kò sì kàwé débi tí ẹ kà á dé. Atẹ̀wé ni mí. Mo ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lápá Pánsẹ́kẹ́, níbi tí àwọn ọmọ yín ti ń tẹ rípọ́ọ̀tù IT, ìyẹn ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ lẹ́yìn tó bá ti lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì, tí a sì ti ń bá wọn dì í ní spáíràlì. Kí rípọ́ọ̀tù tó dé orí tábìlì yín, ọ̀dọ̀ wa ló ti kọ́kọ́ kọjá. Èyí tí ẹ̀ ń gbà ti wẹ̀, ó ti kun àtíkè. Àwa la máa ń bá a nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí sí ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó IT àti ẹ̀yin tí ẹ ń máàkì rẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó yí wa ká. N kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kò yọ ẹnì kan sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tètè là á mọ́lẹ̀. Bí ìwé ṣe rí lẹ ń máàkì, ẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ máàkì ohun tí ọmọ náà ṣe. Àwọn ọmọ sì ti mọ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀.

Bí wọ́n ṣe máa ń wá rèé. Ọmọ á yọ fúláàṣì lápò, á ní, “Bọ̀ọ̀dá, rípọ́ọ̀tù ẹ̀gbọ́n mi kan ló wà níbẹ̀, ẹ bá mi yí orúkọ ibẹ̀ padà.” A ó yí orúkọ, a ó yí nọ́ńbà mátíríkì, a ó yí ọdún, a ó yí orúkọ ilé-iṣẹ́ níbikíbi tó bá ti hàn. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà ti parí ìyẹn. Ohun tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ni pé obìnrin ló ni ìwé àtijọ́, ọkùnrin ló ni tuntun. Mo ti rí rípọ́ọ̀tù tí ọmọkùnrin kan ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ fún àdúrótì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo pè é, mo fi hàn án, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n yọ ọ́. Nígbà tó padà wá ṣe fọ́tókọ́pì ìwé mìíràn, ó ní A ni wọ́n fún òun.

Kí ló ń jẹ́ kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀? N kò gbà pé ọ̀lẹ nìkan ni. Ẹ wo ohun tí ẹ fi ń dá ìwé padà fún wọn. Etí òsì, àyè òfìfo tó wà lápá òsì ìwé, kò tó. Ìlà sún mọ́ ara wọn jù. Ẹ̀yìn ìwé kì í ṣe àwọ̀ tí dípátímẹ́ǹtì ń lò. Orúkọ ọ̀gá kan kò sí nínú ojú ìwé ìdúpẹ́, tàbí ó wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n “Dókítà” ni wọ́n kọ, nígbà tó ti di Ọ̀jọ̀gbọ́n. Gbogbo ìwọ̀nyí ni mo ti rí tí a fi bíró pupa kọ sára ìwé. Èyí tí n kò tíì rí ni ibi tí ẹnì kan ti kọ ọ́ pé: “Níbo lo ti rí nọ́ńbà yìí?” tàbí “Ta ló ṣe èyí, ìwọ ni àbí ọ̀gá rẹ?” Ọmọ tó bá gbọ́n, ibi tí wọ́n ń wò ló máa tọ́jú. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò sọ pé fọ́mátì kò ṣe pàtàkì. Òun ni mo fi ń jẹun. Mo nífẹ̀ẹ́ ìwé tó tò dáadáa débi pé ìyàwó mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tí mo bá ń yẹ ìwé ìkéde òkú wò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí mò ń ka iye irú lẹ́tà tó wà lára rẹ̀. Àti pé ìlú tí Henry Townsend ti ń tẹ ìwé ìròyìn lédè Yorùbá jáde lọ́dún 1859, kò yẹ kí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ di ohun tí a ń ṣe ní jákujàku níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé gbogbo òfin fọ́mátì tí ẹ̀ ń lò ló ní ìdí. Ẹnikẹ́ni kì í sọ ìdí náà fún àwọn ọmọ, nítorí náà ó jọ ààtò awo lójú wọn: wọ́n kàn ń ṣe é kí inú má bà á bí àwọn àgbà.

Ẹ jẹ́ ká mú etí òsì. Bébà A4 fẹ̀ ní mílímítà 210. Nígbà tí a bá fi ẹ̀rọ lu ihò spáíràlì sí i, tí a wá ṣí ìwé sílẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ìlà á máa wọnú ihò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fún etí òsì ní ínǹṣì kan ààbọ̀, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 3.8, tí etí yòókù sì ń jẹ́ ínǹṣì kan, 2.54. Kò sí nǹkan mìíràn nídìí rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tó ti ń gba PDF báyìí, tó sì tún ń dá PDF padà pé etí òsì kò tó. Ta ló fẹ́ lu ihò sára PDF?

Fífi àyè gbàgede sí àárín ìlà náà ní ìdí tirẹ̀. Láyé tàípúráítà, àárín ìlà ni olùkọ́ ti ń fi bíró tún ọ̀rọ̀ ṣe. Bí ìlà bá há, kò síbi tí bíró máa gbà. Bí ẹ bá ṣì ń fi bíró tún un ṣe, ó dáa, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Àwọn nọ́ńbà i, ii, iii tí a ń kọ sí ojú ìwé iwájú, ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé àtijọ́ ló ti wá: wọ́n máa ń to ara ìwé kí wọ́n tó to ojú ìwé ìdúpẹ́ àti àkóónú, torí kò sẹ́ni tó lè kọ àkóónú láì tíì mọ ibi tí orí kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. Bí wọ́n bá wá fi èyí tó gbẹ̀yìn síwájú, nọ́ńbà ara ìwé kò ní yẹ̀. Times New Roman, irú lẹ́tà tí ẹ máa ń ní kí wọ́n lò, ńkọ́? Ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló ní kí wọ́n ṣe lẹ́tà yẹn fún òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lọ́dún 1932. Lẹ́tà rẹ̀ tín-ín-rín kí ọ̀rọ̀ púpọ̀ lè wọ inú òpó tóóró. Òun náà ni Microsoft Word fi ń ṣí ìwé tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó fi Calibri rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 2007, tí Aptos sì tún gbà á lọ́wọ́ ìyẹn lọ́dún 2023. Ọmọ tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ jẹ́ tuntun kò rú òfin kankan. Ohun tí ẹ̀rọ fún un ló fi kọ̀wé. Ẹ kàn sọ fún un.

Sísọ fún un gan-an ni ìṣòro. Ẹnu ni òfin yín wà. Ọ̀gá kan á ní àkọlé àtẹ gbọ́dọ̀ wà lókè àtẹ, ọ̀gá kejì nínú dípátímẹ́ǹtì kan náà á ní ìsàlẹ̀ ni. (Lókè ni, ẹ̀yin ọ̀gá. Àkọlé àtẹ máa ń wà lókè torí láti òkè la ti ń ka àtẹ bọ̀. Ti àwòrán ló máa ń wà nísàlẹ̀, torí ojú ti rí àwòrán náà kó tó wá orúkọ rẹ̀.) Ọmọ á tẹ̀ ẹ́ báyìí, á tún un tẹ̀ bọ́hùn-ún, á tú spáíràlì, á tún un dì. Owó tó ń wọ àpò mi ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọmọ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, tó ń ka owó ọkọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀, tó ń ka owó ìtẹ̀wé lọ́tọ̀, tí kò sì mọ èyí tó máa fi sílẹ̀.

Ẹ wò ó, ojú ìwé kan péré ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ojú ìwé kan fún gbogbo dípátímẹ́ǹtì, tí gbogbo yín fọwọ́ sí: etí, irú lẹ́tà, àyè ìlà, ibi tí àkọlé ń wà, bí a ṣe ń kọ orúkọ ìwé tí a gbà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìlà kan. Ọmọ tó bá mọ ìdí kò ní í gbàgbé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sí inú ìwé náà gan-an, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ọmọbìnrin kan wá láìpẹ́, ibi tí wọ́n ti ń ṣe láfún ló ti ṣe IT. Ẹ̀gbá la wà, kò sẹ́ni tí mo fẹ́ ṣàlàyé láfún fún. Nínú rípọ́ọ̀tù rẹ̀, ó kọ ọ́ pé wọ́n bó ẹ̀gẹ́, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan títí ó fi rọ̀, wọ́n sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ dáadáa, wọ́n sì lọ̀ ọ́. Gbogbo ìyá tó ń ṣe láfún láti Ìmálà dé Ọ̀dẹ́dà ló mọ èyí láì wọ yunifásítì. Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó wá fún mi ní lọ́gíbúùkù rẹ̀, ìwé tó ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí, kí n bá a ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ni ojú mi là. Ó wà níbẹ̀, ó fi bíró aláwọ̀ búlúù kọ ọ́ lójoojúmọ́: kìlógíráàmù 40 ẹ̀gẹ́ tí a ti bó, ọjọ́ mẹ́ta nínú omi, ọjọ́ méjì nínú oòrùn, kìlógíráàmù tó kù lẹ́yìn tó gbẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òjò rọ̀. Wọ́n kó o wọlé, wọ́n kó o síta, ó gba ọjọ́ márùn-ún kó tó gbẹ, òórùn rẹ̀ yí padà, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n, oníbàárà tó ti sanwó sílẹ̀ kò sì gbà á. Ọmọ náà tún ya bí wọ́n ṣe fi ọ̀rá bo pẹpẹ tí wọ́n ń sá a sí, pẹ̀lú gígùn àti ìbú rẹ̀.

Mo ní, “Àǹtí, kí ló dé tí èyí kò sí nínú rípọ́ọ̀tù?” Ó ní, “Wọ́n ní a kì í fi irú ìyẹn sí i, pé kó má dà bíi pé ilé-iṣẹ́ náà kò mọṣẹ́.”

Ẹ̀yin ọ̀gá, ọ̀sẹ̀ òjò yẹn ni rípọ́ọ̀tù. Ìyókù ni ìfáárà. Bí mo bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ dáwó lé iṣẹ́ láfún, èyí tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn: iye ọjọ́ tí òjò ń gbà lọ́wọ́ mi, iye kìlógíráàmù tó ń bàjẹ́, bóyá ó tọ́ kí n ra ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan gbẹ. Kò sí ẹlòmíràn lágbàáyé tó ní nọ́ńbà wọ̀nyẹn àfi ọmọ náà, òun ló sì jókòó tì wọ́n tó ń kọ “ọjọ́ mélòó kan”.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn tó lọ sọ́dọ̀ àwọn aládìrẹ ní Ìtòkú. Wọ́n á kọ ọ́ pé a da “ìwọ̀n tó yẹ” kọ́sítíìkì sódà àti háídrósọ́fáìtì sínú aró. Mélòó ló yẹ? Ìyá tó ń pa aró náà mọ̀ ọ́n. Ṣíbí rẹ̀ kò yẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ń ṣe é. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹ kó ṣe kò ju kó gbé ṣíbí ìyá náà, kí ó wọn ohun tó wà nínú rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì kọ ọ́ pé ṣíbí kan jẹ́ gíráàmù báyìí nínú omi lítà báyìí. Nígbà náà, ẹni tó wà ní Òṣogbo lè ṣe irú rẹ̀. Bí ẹ bá rí “ìwọ̀n tó yẹ” nínú ìwé, ẹ fi bíró pupa yín fà á pa, ẹ kọ “mélòó?” sí i. Inú mi á dùn láti tún ojú ìwé yẹn tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Tí wọ́n bá sì kọ nọ́ńbà, kí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo ti tẹ “Kg”, “KG”, “kgs” àti “kilos” lójú ìwé kan ṣoṣo. kg ni, k kékeré, kí àlàfo sì wà láàárín òun àti nọ́ńbà: 40 kg. K ńlá dá dúró fún kelvin, ìwọ̀n ìgbóná sì nìyẹn. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Lọ́dún 1999, Amẹ́ríkà pàdánù ọkọ̀ kan tí wọ́n rán lọ sí Mars, Mars Climate Orbiter, torí pé àwọn kan fi ìwọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé nọ́ńbà kalẹ̀, àwọn tó gbà á sì rò pé newton, ìwọ̀n mẹ́tíríìkì, ni.

Tí a bá ti dárúkọ òfurufú, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ká mi lára jù, torí ọ̀rọ̀ fọ́mátì gan-an ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2003, bí ọkọ̀ òfurufú Columbia ti Amẹ́ríkà ṣe ń gbéra, fóòmù kan já lára táńkì rẹ̀, ó sì gbá a ní apá. Ọkọ̀ ti wà lókè, àwọn ẹnjiníà nílẹ̀ ń wò ó bóyá ewu wà. Wọ́n kó ohun tí wọ́n rí sórí slide PowerPoint, ojú ìwé tí a máa ń gbé sára ògiri níbi ìpàdé. Àkọlé òkè slide náà fi ọkàn ẹni balẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà kékeré, ni wọ́n wá kọ ọ́ sí pé fóòmù tó já yìí tó 1,920 ínǹṣì kúbíìkì, bẹ́ẹ̀ 3 péré ni èyí tí wọ́n fi ṣe ìdánwò. Ẹ fi 3 pín 1,920 wò. Ìlọ́po 640. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́ àkọlé ló wà nísàlẹ̀ yẹn, tí ojú kò tètè dé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, ọkọ̀ náà fọ́ nígbà tó ń bọ̀ wálé, gbogbo èèyàn méjèèje tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà kò fi bò nínú ìjábọ̀ wọn lóṣù kẹjọ ọdún yẹn: wọ́n ní kò ṣòro láti rí bí ọ̀gá kan ṣe lè ka slide yẹn kó má mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló wà níbẹ̀, wọ́n sì bẹnu àtẹ́ lu àṣà fífi slide rọ́pò ojúlówó ìjábọ̀. Kò sẹ́ni tó purọ́ lórí slide yẹn. Nọ́ńbà náà pé. Ibi tí wọ́n gbé e sí ló burú.

Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé kí ẹ máàkì ètò. Ṣùgbọ́n ètò tó yẹ kí ẹ wò ni pé kí ohun tó ṣe pàtàkì wà níbi tí ojú yóò ti bá a. Ẹ wo rípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ wa: kí ẹ tó dé ibi iṣẹ́ tí ọmọ náà ṣe, ẹ ti kọjá ojú ìwé ìyàsọ́tọ̀, ojú ìwé ìdúpẹ́ méjì, ìtàn ITF (àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́), àfojúsùn SIWES (ètò tó ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ IT), ìtàn ilé-iṣẹ́, ìran ilé-iṣẹ́, àtẹ àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́. Mo ti tẹ ìtàn ITF tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè kà á lójú oorun: ọdún 1971 ni ìjọba dá a sílẹ̀, ọdún 1973 ni SIWES bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jáde láì tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí wọ́n máa lò. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n. Ta ni wọ́n wá ń kọ ọ́ fún? Lóde òní, ChatGPT ni wọ́n ń ní kó kọ apá yẹn, láti orí fóònù, nígbà tí wọ́n jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi tí wọ́n ń dúró de iná. Ó sì ń kọ ọ́ dáadáa ju tiwọn lọ. Ohun tí kò lè kọ ni pé bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọ̀ já ní ọjọ́ Ọjọ́rú, àti ohun tí ọmọ náà ṣe sí i. Ẹ ní kí ìtàn ilé-iṣẹ́ má kọjá ìdajì ojú ìwé. Ẹ ní kí ìsọnísókí, èyí tó ń ṣíwájú, sọ ohun mẹ́ta: ohun tí mo ṣe, ohun tí mo rí, ohun tí mo rò pé ó yẹ kí wọ́n ṣe. Ẹ yọ òfin “kò gbọdọ̀ dín ní ojú ìwé ogójì”. Òfin yẹn ló bí gbogbo àwòrán íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fẹ̀ kí ojú ìwé lè kún, táà ọkọ̀ tí kò sí ní ilé-iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ tí àwọn aláwọ̀ funfun dúró tì ní ibi tí òjò yìnyín ti ń rọ̀. Àwòrán tí ọmọ fi fóònù rẹ̀ yà, kódà bó ṣókùnkùn díẹ̀, ó dára ju ìyẹn lọ. Kí ó kàn rí i pé inú ọ̀rọ̀ mẹ́nu kan àwòrán náà kí a tó dé ibẹ̀. Àwòrán tí ọ̀rọ̀ kankan kò pè, kí ló wá ṣe?

Ó ku ọ̀rọ̀ “mo”. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún wọn pé “mo” kò sí nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Nítorí náà, nínú rípọ́ọ̀tù tí wọ́n ń kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo nǹkan ń ṣe ara rẹ̀: a yọ ẹ́ńjìnnì, a rí i pé ó ti jó, a pààrọ̀ rẹ̀, láìsí orúkọ ẹni tó ṣe é. Ọmọ tó kàn dúró tó ń wò àti ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún gíríìsì ń kọ gbólóhùn kan náà. Bóyá ẹ̀yin ẹ mọ bí ẹ ṣe ń mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn, èmi kò mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1953, Watson àti Crick kọ ìwé tí wọ́n fi ṣàlàyé bí DNA, ohun tó ń gbé àbùdá láti ara òbí sí ọmọ, ṣe rí sínú Nature, ìwé ìròyìn àwọn onísáyẹ́ǹsì. Kò ju ojú ìwé kan lọ púpọ̀, “We” sì ni ọ̀rọ̀ tó ṣáájú gbogbo ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ìwé ìlànà ìkọ̀wé APA (American Psychological Association) tí àwọn kan nínú yín ń lò náà ní kí òǹkọ̀wé lo “I” tàbí “we” fún ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. N kò ní kí “mo” kún gbogbo ìlà. Níbi tí ẹ̀rọ bá ti ṣe pàtàkì ju ẹni tó mú un dání lọ, kí wọ́n fi “mo” sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà lè sọ pé: “Ọ̀gá mi ló tú u, èmi ni mo wọ̀n ọ́n, àwa méjèèjì la tún un dì.” Ẹ ó sì mọ ẹni tí ẹ ń fún ní máàkì.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó parọ́, lọ́gíbúùkù wà níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́, súpáfáísọ̀ ilé-iṣẹ́ sì ń buwọ́ lù ú lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rípọ́ọ̀tù. Ẹ ṣí ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ èyíkéyìí, ẹ wò ó bóyá ohun tó wà níbẹ̀ wà nínú rípọ́ọ̀tù. Mo rí i pé lọ́gíbúùkù àwọn mìíràn náà jẹ́ iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ kan, bíró kan náà láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kò sí àbààwọ́n kankan lára rẹ̀. Ẹni tó ṣe oṣù mẹ́fà ní gárééjì, tí òróró kò kan lọ́gíbúùkù rẹ̀ rí! Àwa tí a ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ máa ń wo ara wa lójú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì wà, iṣẹ́ tèmi gan-an ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda wákàtí kan kí wọ́n tó lọ IT, kí ẹnì kan kọ́ wọn bí a ṣe ń lo Word. Púpọ̀ nínú wọn ń fi ọwọ́ tẹ àmì ìdánudúró títí tó fi dé etí ìwé kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà ojú ìwé sí àkóónú. Bí wọ́n bá ti fi gbólóhùn kan kún orí kejì, gbogbo nọ́ńbà ti yẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá fi Heading 1 àti Heading 2 sí àkọlé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló máa to àkóónú, F9 ni wọ́n kàn máa tẹ̀ kó lè tún nọ́ńbà ṣe. Bí wọ́n bá mọ section break, bí a ṣe ń pín fáìlì kan sí apá-apá, kò ní í sí pé wọ́n ń fi fáìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ i, ii, iii àti 1, 2, 3. Ẹ tún sọ fún àwọn ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ oko pé orúkọ sáyẹ́ǹsì ohun ọ̀gbìn máa ń dùbúlẹ̀, lẹ́tà ńlá fún ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan: ewúro ni Vernonia amygdalina, ẹ̀gẹ́ ni Manihot esculenta. Kí wọ́n sì fi àmì sórí “ewúro” àti “ẹ̀gẹ́” náà. Kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́. Wọn kàn kò wá a ni.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn yín. Ọmọ pọ̀, àkókò kéré, rípọ́ọ̀tù á sì dé lẹ́ẹ̀kan náà bí òjò ọ̀sán. Wíwo etí ìwé yá ju kíkà lọ, n kò bá yín jiyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ìwé tó kéré: ojú ìwé mẹ́wàá tí ẹ máa kà dáadáa sàn ju àádọ́ta tí ẹ máa ṣí wò. Ẹ̀yin lẹ máa sinmi, àwọn ọmọ ni owó máa kù sápò wọn. Èmi ni mo máa pàdánù, mo sì ti gbà.

Bí ẹ bá ti fẹnu kò lórí ojú ìwé kan yẹn, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó wà lẹ́bàá yín. A ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé á kà á kó tó sanwó. Ó máa dáa bó bá lè dé ká tó gba àwọn tó wà ní IT lọ́wọ́lọ́wọ́. Kí ẹ sì bá wa kọ déètì sí orí rẹ̀, torí tí ẹ bá yí i padà lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn ọmọ á mú ti àtijọ́ wá, wọ́n á sì búra fún wa pé tuntun ni.

Èmi ni tiyín,
Atẹ̀wé kan ní Pánsẹ́kẹ́